Ilé Tó Mọ́ Láìsí Májèlé: Ẹ̀wà, Ewé, Eérú àti Omi Òjò

Ẹ̀wà tí mo gbé kaná lọ́sàn-án Sátidé kan ní òórùn tí kì í ṣe ti ẹ̀wà. Omi àkọ́kọ́ ti hó, ooru ìkòkò ń fẹ́ sí mi lójú, ohun tó sì ń ta sí mi nímú jọ oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán. Mo da omi náà nù, mo bu òmíràn sí i. Òórùn náà kò lọ. Mo fọ ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún gbé e kaná, ó ṣì wà níbẹ̀. Kóńgò méjì ẹ̀wà olóyin ni mo gbẹ́ ilẹ̀ sin lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, nítorí n kò fẹ́ kí adìyẹ aládùúgbò jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé mi wò, láti ìdáná dé balùwẹ̀, láti mọ ohun olóró mìíràn tó wà níbẹ̀. Mo rí púpọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé owó ni mo fi ra gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tó lè rọ́pò wọn wà ní ọjà kan náà, ó sì dínwó. Ìbàdàn ni mo ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tó ní ẹ̀yìnkùlé kékeré. Ohun tí mo kọ síbí, mo ti ṣe é fúnra mi. Màá sọ ibi tí ọgbọ́n àwọn ìyá wa ti ṣiṣẹ́ fún mi, màá sì sọ ibi tí kò tó.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìnáwó ọjọ́ 7 sílẹ̀

Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ so bíírò mọ́ ọn, ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ìdáná. Fún ọjọ́ 7, ohunkóhun tí ẹ bá rà tí kì í ṣe oúnjẹ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ọ̀rá, omi inú ọ̀rá, ọṣẹ ìfọṣọ, kọ́ìlì ẹ̀fọn, oògùn aáyán, èédú, tíṣù. Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ mi, omi inú ọ̀rá ló gba owó jù, kọ́ìlì ẹ̀fọn tẹ̀ lé e. Èyí tó bá gba owó jù nínú ìwé tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ má wo bí mo ṣe tò ó síbí.

Ẹ̀wà tí kò nílò oògùn

Ẹ̀wà ni èmi kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló dẹ́rù bà mí. Oògùn tí àwọn kan ń da sí i, dichlorvos, oko ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, oní-100ml, lọ́jà gbogbogbòò. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ìkòkò.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà, láti oko ló ti ń bá a bọ̀. Bí ẹ bá da ẹ̀wà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ lè rí àmì funfun tín-ín-tín bí orí abẹ́rẹ́, tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà. Ẹyin kòkòrò nìyẹn. Ìdin tó bá ti inú ẹyin náà jáde á lu ẹ̀wà wọlé, á máa jẹ inú rẹ̀ lọ. Ihò roboto tí gbogbo wa mọ̀ kì í ṣe ibi tó gbà wọlé, ibi tó gbà jáde ni. Abo kan lè yé ẹyin tó 100, nínú ooru ilẹ̀ wa sì rèé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ti tó kí ẹyin di kòkòrò tó ń fò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tó dára lójú lóṣù yìí fi ń di ìyẹ̀fun kó tó di oṣù kẹta.

Ṣùgbọ́n kòkòrò ń mí bíi tiwa. Bí a bá dí ẹ̀wà mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé, wọ́n á mí èyí tó wà níbẹ̀ tán, wọ́n á dẹ́kun jíjẹ, wọ́n á kú. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ṣe àpò PICS, àpò oní-ìpele mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Cameroon jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, tó sì ti dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó ń ra odidi àpò ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan lè wá a rà. Èmi tí mo ń ra kóńgò mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo ń lò. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ ra ẹ̀wà tó gbẹ. Ẹ fi eyín gé ẹyọ kan: bó bá dún kẹ́, ó gbẹ. Ní Bódìjà, mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, màá bu ẹ̀wà láti ìsàlẹ̀, màá gbé e sí imú. Ìparí ọdún ni ẹ̀wà tuntun ń wọjà, nítorí náà ẹ̀wà tí ẹ bá bá lọ́jà lóṣù Keje ti pẹ́ nílẹ̀. Bí kòkòrò kan ṣoṣo kò bá sí lára rẹ̀, tó sì ń ta sí imú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kan mo bi màmá kan tó ń tà á pé, "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ṣé kò sí oògùn nínú ẹ̀wà yìí?" Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan sókè. "Ọmọ mi, wò ó. Bí mo bá ti da oògùn sí i, ṣé wọ́n á máa rìn báyìí?" Kòkòrò mẹ́ta ló ń rìn láàárín ìka wọn. Ẹ̀wà yẹn ni mo rà.

2. Ẹ sá a. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ da ẹ̀wà sórí rẹ̀ kó tẹ́jú, kó má nípọn ju ìka kan lọ, kí ẹ fi ọ̀rá funfun tí ojú ń là kọjá bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ooru tó bá há sáàárín ọ̀rá méjèèjì yìí ju ti oòrùn lásán lọ. Wákàtí 2 sí 3 ti tó láti pa kòkòrò, ìdin àti ẹyin.

3. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ ṣà á. Ẹ̀wà tó gbóná tí a bá dí pa á làágùn, á sì bu.

4. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì òróró tí ẹ ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀, tó sì ti gbẹ pátápátá. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gba kẹrosíìnì, epo bẹntiróòlù tàbí oògùn oko rí kò ṣeé lò, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ rọ ẹ̀wà sínú rẹ̀, kí ẹ máa gbọn kẹ́ẹ̀gì náà kó lè rìn wọlé, títí yóò fi kún dé ẹnu. Àyè tó bá ṣófo lókè, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀.

5. Ẹ fi ọ̀rá méjì bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ yọ́ àbẹ́là yí etí ìdérí ká.

6. Ẹ má ṣí i fún oṣù 2 ó kéré tán. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì kéékèèké oní-lítà 5 dára ju ńlá kan lọ: ẹ ó máa jẹ ọ̀kan, àwọn tó kù á wà ní dídí.

Èyí tí ẹ ó jẹ láàárín oṣù kan, ṣíbí tíì kan òróró ẹ̀pà sí kílò kan ẹ̀wà ti tó. Ẹ fi ọwọ́ pò ó títí ara ẹ̀wà á fi máa dán. Òróró náà á pa ẹyin ara rẹ̀. Ata gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń jù sínú ike ẹ̀wà náà ń ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa ìdin tó ti wà nínú ẹ̀wà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan.

Mọ́ínmọ́ín, ẹ dá a padà sínú ewé

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rá wọ inú ìkòkò mọ́ínmọ́ín wa. Ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì lọ́jà, a ṣe é láti gbé nǹkan tútù ni. Bí a bá rọ ẹ̀wà lílọ̀ tó ní epo sínú rẹ̀, tí a sè é fún wákàtí kan, ohun tó wà lára ọ̀rá náà lè wọ inú oúnjẹ. Agolo mílíìkì náà kò sàn, nítorí ó ń dípẹtà létí.

Ewé eéran ṣì wà lọ́jà, ìdì kan sì ń pọ́n ìkòkò kan. Báyìí ni kí ẹ lò ó. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ fọ ojú àti ẹ̀yìn ewé, láti ibi igi rẹ̀ lọ sí ṣóńṣó. Ẹ̀yìn ni iyanrìn ń sá pamọ́ sí. Ẹ gé igi rẹ̀ kúrò, ẹ má dà á nù, ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò bí ẹní kí omi má bàa kan mọ́ínmọ́ín. Egungun tó wà lẹ́yìn ewé, ẹ fi ọ̀bẹ fá a díẹ̀ kó lè rọ̀; òun ló ń jẹ́ kí ewé ya lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pọ́n. Ẹ to ewé méjì lé ara wọn, kí ṣóńṣó ọ̀kan kọjú sí ìdí èkejì. Ẹ ká a bí àrọ, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ òsì dì í mú níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i dé ìdajì, ẹ fi ẹyin àti ẹja sí i, kí ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn bákan náà, kí ẹ gbé e jókòó sórí igi ewé, kí ó fara ti ẹnìkejì rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin mi pọ́n jò dànù sínú omi. Ìkẹrin dúró. Ọmọ ọdún 11 ni, òun ló ń pọ́n ti gbogbo ilé báyìí.

Ewé tó kù, ẹ fi aṣọ tútù wé e síbi tó tutù, á lo bí ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Èyí tí a ti jẹ mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀ á lọ sínú ajílẹ̀ tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Fún ọjà, aṣọ àǹkárá àtijọ́ ni mo rán ní àpò mẹ́rin, mo sì máa ń gbé abọ́ oníderí lọ sọ́dọ̀ alápatà. Àwọn ará Èkó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dòfin: ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025 sì ni òfin tó de àwọn ike àlòdànù mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò sí ní Èkó kò ní láti dúró de òfin.

Eérú àti ọṣẹ dúdú

Eérú igi tí a fi asẹ́ yọ ìdọ̀tí rẹ̀ ń bó ọ̀rá epo kúrò lára ìkòkò irin àti agbada, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú gan-an. Ẹ fi omi tọ́ kànìnkànìn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú eérú, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ máa yí i lórí irin títí dúdú á fi ṣí, kí ẹ wá ṣàn án. Ìkòkò alumíníọ̀mù ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí omi eérú bá pẹ́ lára rẹ̀, á jẹ ẹ́, á sì dúdú. Ìpọnrogùn, igbá àti ọmọrí odó, ewé eépín ni kí ẹ fi fá wọn. Ojú ewé náà le bíi sáńpépà.

Ṣíṣe ọṣẹ dúdú fúnra ẹni gba eérú èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àdín tàbí epo pupa, iná gidi, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n rò. Omi eérú tó kan ń bó awọ ara. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé tí ọmọ kékeré wà. Mo ń ra tèmi lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ẹ bọ díẹ̀ sínú omi kí ẹ tó rà: èyí tó bá sọ omi di dúdú bí aró ní àwọ̀ nínú, ọṣẹ gidi rọ̀, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ìwọ̀n ẹyin adìyẹ kan nínú lítà kan omi gbígbóná, tí a bò mọ́jú, á di ọṣẹ olómi tó ń fọ abọ́, ilẹ̀ àti balùwẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Fún òórùn ẹja lára pákó ìgéran, ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a là sí méjì ha á, kí ẹ fi omi ṣàn án.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́. Ẹ má ṣe da omi aṣọ funfun, èyí tí a ń pè ní bílíìṣì, pọ̀ mọ́ ásíìdì ìfọṣáláńgá, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń tú jáde níbẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ tí a tilẹ̀kùn mọ́. Bílíìṣì nìkan pẹ̀lú omi púpọ̀, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, kò burú, pàápàá bí àìsàn ìgbẹ́ gbuuru bá wà nílé.

Ẹ̀fọn, aáyán, èkúté

Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí kan wọn èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn, wọ́n sì rí i pé kọ́ìlì kan ṣoṣo ń tú eruku wẹ́wẹ́ tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró jáde tó ti sìgá 75 sí 137. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo dá kọ́ìlì dúró nínú yàrá àwọn ọmọ.

Inú omi ni ẹ̀fọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Tanwíjí tí ń jó nínú dúrọ́ọ̀mù yín, ẹ̀fọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Láti ẹyin títí dé ìgbà tó máa fò, ó máa ń tó ọjọ́ 7 sí 10, nítorí náà bí ẹ bá mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń da gbogbo omi tó dúró nù, kò ní ráyè dàgbà. Sátidé ni tiwa. Àwọn ọmọ ń yí ilé po: táyà, agolo, abẹ́ ìkòkò òdòdó, ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ihò ara búlọ́ọ̀kù. Ìṣẹ́jú ogún ni, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹfinrin tí a gbìn sẹ́bàá fèrèsé ń lé wọn díẹ̀, ó sì wúlò fún ọbẹ̀. Sísun èèpo ọsàn gbígbẹ náà ń lé wọn, ṣùgbọ́n èéfín ni èéfín ń jẹ́, ìta ni kí ẹ ti sun ún. Kò sí ewé kankan tó rọ́pò nẹ́ẹ̀tì. Ẹ sá nẹ́ẹ̀tì tuntun síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó sùn sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò, ẹ má fi bílíìṣì sí i, ẹ má sì sá a sínú oòrùn, torí oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀.

Aáyán ń wá omi ju oúnjẹ lọ. Kí ẹ tó sùn, ẹ nu síǹkì gbẹ, ẹ gbé ààtàn síta. Èkúté ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ń gbé e, àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sì mọ ohun tó ń ṣe. Gààrí, ìrẹsì, èlùbọ́, inú ike oníderí tó le ni gbogbo wọn ń gbé. Gààrí tí a sá sẹ́bàá títì, n kì í rà á.

Omi òjò

Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe omi mímu. Gbogbo eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé gbígbẹ tó wà lórí páànù ló ń gbá wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fọ páànù fún òjò méjì, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo òjò, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣàn dànù kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ so ẹnu dúrọ́ọ̀mù náà nítorí ẹ̀fọn. Òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má gba omi rẹ̀ fún mímu.

Omi yìí ń fọ aṣọ dáadáa, ọṣẹ díẹ̀ ló ń gbà. Fún mímu, ẹ sè é kó hó. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àìsàn, omi tó mọ́ lójú lè gbé ìgbẹ́ ọ̀rìn wọlé síbẹ̀. Nígbà tí gáàsì bá ti tán nílé mi, oòrùn ni mo ń lò: ìgò oníke oní-lítà kan tí ojú ń là kọjá, tí mo ti bọ́ ìwé ara rẹ̀, omi mímọ́ kún inú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí páànù fún wákàtí 6 nínú oòrùn gidi. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ 2. Láàárín òjò oṣù Kẹsàn-án, n kì í gbẹ́kẹ̀ lé e.

Iná ìdáná

Gáàsì ló dára jù fún ẹ̀dọ̀fóró, bí agbára bá ká a. Èédú tí a ń rà, igi tí wọ́n gé ní Òkè-Ògùn àti àgbègbè bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀. Igi ẹ̀mí tó ń so òrí wà lára wọn, igi tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tó bá ń lo èédú, ìta ni kó ti lò ó. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì, tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára wọn kò ní òórùn, ojú oorun ló ń gba ẹ̀mí èèyàn.

Bí ẹ ṣe lè dín iná kù: ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ dé ìkòkò. Mo tún ní páálí ńlá kan tí mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí. Ìrẹsì tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìdérí, màá gbé ìkòkò náà sínú páálí, màá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e kanlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti jinná, kò sì sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹran, ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ níbẹ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Fún tòmátì àti ata, ìkòkò inú ìkòkò tí olùkọ́ kan ará Jigawa, Mohammed Bah Abba, sọ di mímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1995 dára: ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín, aṣọ tútù lókè. Omi tó ń fẹ́ lọ ló ń mú un tutù. Lókè Ọya tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tòmátì ń lo bí ọ̀sẹ̀ 3 nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, oṣù ọyẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún mi. Bí òjò bá ti ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, ìkòkò náà kò ní tutù.

Ajílẹ̀ àti ẹ̀fọ́ inú àpò

Ẹ lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ike ọ̀dà kan. Ẹ da ewé gbígbẹ sí i, ẹ da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé mọ́ínmọ́ín lé e, ẹ tún da ewé gbígbẹ bò ó. Ẹran, eegun àti ọbẹ̀ olóróró kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, èkúté ni wọ́n ń pè. Ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá ń rùn, ó tutù jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un; bó bá dúró láìjẹrà, ó gbẹ jù, ẹ wọ́n omi sí i. Nínú ooru wa, oṣù 2 sí 3 ló máa fi di ilẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò.

Ẹ po apá kan rẹ̀ mọ́ apá méjì ilẹ̀ lásán, ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì tí ẹ ti lu ihò sí nísàlẹ̀. Èso tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ fi iyanrìn díẹ̀ pò ó kí ẹ tó wọ́n ọn, kó má bàa ṣù sójú kan. Èso ewédú le. Ẹ so ó mọ́ aṣọ, ẹ tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín, á tètè hù. Tẹ̀tẹ̀ á tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ewédú á pẹ́ díẹ̀ sí i. Omi tí a fi fọ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni mo ń bomi rin ín.

Bí kòkòrò wẹ́wẹ́ bá bo abẹ́ ewé, ẹ gún ẹ̀kúnwọ́ méjì ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú nínú lítà 2 omi, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ wọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ẹ má fa tẹ̀tẹ̀ tu. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka, ẹ ó sì tún gé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó bá sanra jù nínú àpò, ẹ má gé òun rárá. Ẹ jẹ́ kó yọ òdòdó, kó gbẹ lórí ìdúró, kí ẹ gbọn orí rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Èso dúdú wẹ́wẹ́ tó ń dán, tó bá bọ́ síbẹ̀, ni ẹ ó gbìn lẹ́ẹ̀kejì.